Ẹ́ńjìnnì Wo Ni Kí Á Gbé Sínú Ọkọ̀ Ẹgbẹ́?

Ní gbogbo ìgbà tí ìwé ìròyìn yìí bá jáde, ọ̀rọ̀ kòkó, ọ̀rọ̀ èlé àti ọ̀rọ̀ àwọn tí kò san gbèsè padà ni ó máa ń gba ojú ewé wa. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ irin ni. Ẹgbẹ́ kan láàrin wa ní agbègbè Ajue, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdígbó, ni ó kọ̀wé sí wa pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn ti kú, ohùn àwọn kò sì ṣọ̀kan lórí èyí tí àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ní kí á wá bá àwọn dá sí i. A lọ. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a kọ síhìn-ín, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù láàrin wa kì í ṣe ẹyọ kan, kò sì sí ẹ́ńjìnnì tí kì í gbó.

Mercedes-Benz 911 ni ọkọ̀ náà, onímú kúkúrú, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹni mowó. Òun ni àwọn ará Èkó kan ilé lé lórí tí wọ́n sọ ọ́ di mọ́lúè. Òun náà ni àwọn ará Ọ̀rẹ̀ tú ara rẹ̀ palẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ di agbégilódò. Láti 1959 ni wọ́n ti ń ṣe irú ọkọ̀ onímú kúkúrú yìí ní Jámánì, wọ́n sì ṣe é fún ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Nọ́ńbà tí a ń pè é kì í ṣe nọ́ńbà lásán. 9 dúró fún tọ́ọ̀nù 9, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀. 11 dúró fún agbára ẹṣin 110. Bẹ́ẹ̀ náà ni 1113 túmọ̀ sí tọ́ọ̀nù 11 àti agbára ẹṣin 130. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń pe nọ́ńbà yìí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a béèrè rẹ̀ ní ìpàdé, ẹnìkan ṣoṣo ni ó dáhùn, mẹkáníìkì sì ni.

Ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní OM 352. Sílíńdà mẹ́fà ni ó ní, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 5.7, epo dísẹ́ẹ̀lì ni ó sì ń lò. Ní 1964 ni ó jáde. Kò ní kọ̀ǹpútà, wáyà rẹ̀ kò pọ̀. Bí epo bá ti dé púm̀pù tí afẹ́fẹ́ sì rí ọ̀nà wọlé, yóò ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi di ọ̀rẹ́ àgbẹ̀. Ní 1980 ni ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Ẹmene lẹ́bàá Enugu bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, èyí sì fi kún bí ẹ̀yà ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe tàn ká ọjà wa gbogbo.

Àárín òjò ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà lọ bá alága, ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ yìí ti ń mu ọ́ìlì jù." Alága ní kí ó ra ọ́ìlì sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni èéfín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n bí omi aró. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ kò fi lè gun òkè mọ́ àfi kí mọ́tò-bọ́ì máa fi igi dí táyà lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń kó kòkó bọ̀ láti inú oko, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí kàn kò-kò-kò bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn, ó sì dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kòkó fi wà lórí ọkọ̀ lábẹ́ tapólì. Àpò tí ó wà nísàlẹ̀ bu, ẹni tí ó ń ra kòkó sì gé owó rẹ̀ kúrò.

Nígbà tí a fi máa dé ibẹ̀, ìpàdé ti pín sí mẹ́ta. Àwọn àgbà ní kí wọ́n tún èyí tí ó wà nílẹ̀ ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n lọ sí Ládìpọ̀ ní Èkó, kí wọ́n ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ńlá tí ó ní tọ́bò, kí ọkọ̀ lè máa gbé igi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Akápò ní tòun, kí wọ́n ta ọkọ̀ náà bí irin àlòkù, kí owó padà sínú àpò ẹgbẹ́. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá kan tí ó jókòó nítòsí wa fi wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ di ìjà Ọ̀rẹ̀ mọ́ wa lórí." Ẹni tí ó bá ti gbọ́njú nígbà ogun 1967 mọ ohun tí ó ń sọ.

A kò bá wọn jiyàn. Ìbéèrè kan ni a bi wọ́n: kí ni ó pa ẹ́ńjìnnì yìí?

Ará, ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í bi ara wọn. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, a ó sáré wá òmíràn. Ohun tí ó pa ti àkọ́kọ́ ṣì jókòó sínú ọkọ̀, ó ń dúró de èkejì. A ní kí mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó fi ohun gbogbo han àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti inú fíìtà lọ sí ẹ́ńjìnnì ti ya, wọ́n sì fi tẹ́èpù dì í. Gbogbo eruku pupa ojú ọ̀nà oko nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó ń gba ibẹ̀ wọlé. Eruku nínú sílíńdà kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn da iyanrìn sínú ọlọ. Yóò lọ ríìngì, yóò lọ ògiri sílíńdà, láìpẹ́ ọ́ìlì yóò máa gòkè wá jóná. Èéfín aláwọ̀ aró tí wọ́n rí nìyẹn. Fíìtà ọkọ̀ yìí jẹ́ irú èyí tí a ń da ọ́ìlì sí nísàlẹ̀ kí ó lè mú eruku. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rántí ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni a wo rédíétọ̀. Omi odò ni wọ́n ń bù sí i nígbàkúgbà tí ó bá gbẹ, ẹrẹ̀ sì ti dí ìdajì àwọn ihò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń gbóná kọjá ààlà ń sọ ọ́ìlì di omi, ọ́ìlì tí ó bá sì ti di omi kò lè gba bẹ́rìngì sílẹ̀ lọ́wọ́ irin. Ibẹ̀ ni ariwo kò-kò-kò ti wá. Dẹ́rẹ́bà fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún dákẹ́. Nígbà tí ó yá, ó ní òun ti béèrè owó fíìtà ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n ní kí òun ní sùúrù di ìgbà tí wọ́n bá ta kòkó. Alága kò sẹ́ ẹ.

Ohun kẹta ni ẹrù. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ pọ̀. Àpò kòkó kan jẹ́ kìlógíráàmù 62.5, nítorí náà àpò 16 ni tọ́ọ̀nù kan. Bí a bá yọ ìwọ̀n ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kúrò nínú tọ́ọ̀nù 9, èyí tí ó kù fún ẹrù jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5, ìyẹn àpò 80. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí kì í gbé kòkó nìkan. Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n a máa gbà á yá láti fi kó gẹdú. Ẹ wá wo gẹdú tútù kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ìbú ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kúbíìkì méjì. Bí igi tútù bá wọn tọ́ọ̀nù kan fún mítà kúbíìkì kan, ẹyọ igi kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù méjì. Igi márùn-ún tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ yóò jẹ́ tọ́ọ̀nù 9 láìka ọkọ̀ mọ́ ọn. Igi nìkan ti gba gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ọkọ̀ àti ẹrù jẹ́ lápapọ̀. Nígbà tí a kọ èyí sára pátákó, ilé dákẹ́ díẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó sì sọ̀rọ̀ tí ó bójú mu. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Gbogbo agbégilódò tí ó ń jáde láti inú igbó Oluwa ló ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé tiwa nìkan ni yóò máa gbé ìwọ̀nba?" Òótọ́ ni ó sọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbin igi gmelina sí igbó Omo àti Oluwa fún iṣẹ́ ìwé Iwopin, títí di ìsinsìnyí tí àwọn onípákó ń gé e, ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ kò ṣófo ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ìdáhùn wa ni pé kí ó ka iye irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ti tú àásù rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì rántí pé ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń fi ti ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Owó tí a fẹ́ fi ra ẹ́ńjìnnì yìí, owó àjẹṣẹ́kù ogójì ènìyàn ni.

Kí á tó sọ irú ẹ́ńjìnnì tí a lè yàn, ó yẹ kí á ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń da àwọn olùrà láàmú. Àwọn tí ń ta ẹ́ńjìnnì a máa pariwo agbára ẹṣin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rì sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ní Ajue kò nílò agbára ẹṣin tó bí ó ti nílò agbára ìyí, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè fi ipá yí ọ̀pá rẹ̀ nígbà tí kò tí ì sáré. Ẹ wo ẹni méjì tí ń yí gẹdú. Ọ̀kan ní ọ̀pá gígùn, ó rọra tì í, igi sì yí. Èkejì ní ọ̀pá kúkúrú, ó ń yára tì í léraléra, òógùn bò ó, igi kò mira. Àpapọ̀ ipá àti ìyára ni agbára ẹṣin. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá rí agbára ẹṣin rẹ̀ láti inú ìyára nìkan, ó dára lójú títì Ṣàgámù sí Benin, kò dára nínú oko. OM 352 kò yára, ìyí 2,800 ní ìṣẹ́jú kan ni ó ti ń fún ni ní gbogbo agbára ẹṣin rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ìyí 2,000 ni ipá ìyí rẹ̀ ti dé góńgó. Nítorí náà ni dẹ́rẹ́bà fi lè fi jíà kìíní rọra fà á jáde nínú ẹrẹ̀ láìpariwo.

Ní báyìí, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú wa.

Ọ̀nà kìíní ni kí á tún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ṣe, kì í ṣe pé kí á pààrọ̀ ríìngì kí á sì dé e padà, bí kò ṣe kí á tú u palẹ̀ pátápátá. Wọ́n ó gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Wọ́n ó wọn ihò sílíńdà, tí ó yẹ kí ó jẹ́ mílímítà 97 nígbà tí ó ṣì wà ní tuntun. Bí ó bá ti fẹ̀ jù, wọ́n ó gbẹ́ ẹ fún písítọ̀nù tí ó tóbi díẹ̀ sí i, tàbí kí wọ́n ki sílíìfù tuntun bọ inú rẹ̀ kí ó padà sí ìwọ̀n àkọ́kọ́. Kìráńkì náà, wọ́n a máa lọ̀ ọ́ ní ìpele ìpele, 0.25, 0.50, 0.75, títí dé mílímítà 1.00, wọ́n a sì fi bẹ́rìngì tí ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ sí i. Níbi yìí ni kí ẹ ti la ojú yín. Bí wọ́n bá ti lọ kìráńkì náà dé ìpele ìkẹyìn rí, kò sí ohun tí ó kù láti lọ̀ mọ́. Ẹ óò ra òmíràn ni. Bí búlọ́ọ̀kù bá sán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jíjó irin tàn yín jẹ, ẹ gbà pé ọ̀nà kìíní ti dí. Bákan náà ni tọ́ọ̀pù sílíńdà: kí wọ́n dán an wò pé kò sán, kí wọ́n sì gbẹ́ ojú rẹ̀ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ kí wọ́n tó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i.

Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé ẹ mọ ohun tí ẹ ní. Jíà, kílọ́ọ̀ṣì, rédíétọ̀ àti ìjókòó ẹ́ńjìnnì kò ní yí padà. Ìṣòro rẹ̀ ni ọjọ́, nítorí ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àti ọwọ́ ẹni tí ó ń ṣe é. Ẹgbẹ́ kan tí a mọ̀ ní ibòmíràn gbé tirẹ̀ fún oníṣẹ́ tí owó rẹ̀ rọ̀ jù. Àyẹ̀wò fi hàn lẹ́yìn náà pé bẹ́rìngì àtijọ́ ni ó tún fọ̀ tí ó sì dá padà síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò ju oṣù méjì lọ.

Ọ̀nà kejì ni kí á ra OM 352 mìíràn, tòkunbọ̀, tí àwọn kan ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní Ládìpọ̀ tàbí ní ọjà Àràrọ̀mí ní Géètì, Ìbàdàn. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ènìyàn lè gbé e sínú ọkọ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí ó tà á kò mọ ìgbé ayé rẹ̀ ju yín lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá ìwọ̀n ara rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, iye owó ohun tí ó ń ti òkèèrè bọ̀ ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ra ẹ́ńjìnnì ní ojú lásán. Ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, kí ó má sì jẹ́ ẹni tí olùtajà yóò fún ní owó ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tí ó wà lára búlọ́ọ̀kù. Ti Mercedes, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni yóò sọ irú ẹ́ńjìnnì tí ó jẹ́ fún yín: 352 tàbí 366. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì pa nọ́ńbà náà rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, nítorí ọlọ́pàá yóò béèrè. Ẹ fi ọwọ́ yí kìráńkì. Kí ó lọ yípo láìdúró níbì kan. Ẹ ṣí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ ní kí wọ́n tú pánù ìsàlẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá èérún irin wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbé e sórí irin kí wọ́n tan án, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ wọn ipá sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kí wọ́n sún mọ́ ara wọn ni a ń fẹ́. Bí márùn-ún bá dára tí ọ̀kan rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ jìnnà, ẹ ti ra àtúnṣe mọ́ ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Kí ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì kí wọ́n lè yí i padà nínú ìwé ọkọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni ti àwọn ọ̀dọ́: ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. A kò ní kí wọ́n má sọ ọ́, nítorí ó ní ibi tí ó dára sí. OM 366 jẹ́ àbúrò OM 352. Lítà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 6, agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 136 láìní tọ́bò. Nítorí pé ìdílé kan náà ni wọ́n, mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ lè gbé e wọ inú 911 láìgé sásíìsì. Èyí tí ó ní tọ́bò tó 170, èyí tí ó sì tún ní ẹ̀rọ tí ń mú afẹ́fẹ́ tutù kọjá 200. Àwọn mìíràn a máa ki Cummins 6BT lítà 5.9, irú èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ DAF 45, bọ inú 911, tàbí kí wọ́n fi Perkins 6.354 sí Bedford àtijọ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì bá ti yàtọ̀, ilé kílọ́ọ̀ṣì kò ní bára mu, ìjókòó rẹ̀ yóò yí, pọ̀pẹ́là lè gùn jù tàbí kó kúrú jù, wẹ́dà yóò sì di olórí òṣìṣẹ́ yín. Cummins yìí náà, inú búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ sílíńdà sí, kò ní sílíìfù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ, iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá ni.

Ohun tí ó bà wá lẹ́rù jù ni èyí: bí ẹ bá fi agbára ẹṣin 170 sí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún 110, ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó dàgbà. Jíà kò dàgbà, àásù kò dàgbà, rédíétọ̀ kò dàgbà, bíréèkì kò dàgbà. Dẹ́rẹ́bà yóò rí i pé òkè tí ó ń dá òun dúró tẹ́lẹ̀ kò dá òun dúró mọ́, yóò sì gba ẹrù sí i. Ó ti gun òkè. Ta ni yóò bá a sọ̀kalẹ̀? Bíréèkì tí wọ́n ṣe fún tọ́ọ̀nù 9 ni ó fẹ́ fi dá tọ́ọ̀nù 13 dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn ọmọ iléèwé sì wà lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe kan tọ́bò mọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọn kò ṣe fún tọ́bò. Èyí tí wọ́n ṣe fún un ní písítọ̀nù tirẹ̀ àti ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà tù ú lára; èyí tí wọn kò ṣe fún un yóò yọ́.

Nípa àwọn ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí, bíi OM 904 àti 906, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Wọn kì í jẹ epo púpọ̀, wọ́n sì dára fún ẹni tí ó ń lọ Kánò. Ṣùgbọ́n wọ́n kórìíra epo dísẹ́ẹ̀lì tí omi wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi kẹ́ẹ̀gì tà lẹ́bàá ọ̀nà. Bí wáyà kan bá sì já nínú oko, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò lè má sí nítòsí. A kò gbà á níyànjú fún iṣẹ́ igbó.

Ti akápò ńkọ́? A kò fi ojú kéré ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti 2022 tí owó dísẹ́ẹ̀lì ti fò sókè, ẹgbẹ́ mìíràn rí i pé ó sàn kí àwọn máa háyà ọkọ̀ ju kí àwọn ní tiwọn lọ. A jókòó pẹ̀lú akápò àti akọ̀wé, a ṣí ìwé ìṣirò. Èyí gba wá ju wákàtí mẹ́ta lọ, a kò sì ní fi gbogbo rẹ̀ dà yín láàmú. Ohun tí a rí ni pé ní oṣù ìkórè, láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejì, owó tí wọn ìbá san fún ọkọ̀ háyà ju ohun tí ọkọ̀ tiwọn ń ná wọn lọ. Ní oṣù òjò, ọkọ̀ tiwọn ni ó ń jẹ owó. A tún rí i pé èrè tí wọ́n rò pé àwọn ń rí lórí gẹdú kì í ṣe èrè rárá nígbà tí a bá ka owó táyà, sípíríìnì tí ó ń ṣẹ́ àti ẹ́ńjìnnì tí ó kú yìí mọ́ ọn. Akọ̀wé ti ń kọ owó gẹdú sí ojú ewé kan, ó sì ń kọ owó àtúnṣe sí ojú ewé mìíràn. Kò purọ́, kò sì jalè. Ojú ewé méjèèjì kò pàdé rí ni.

Ohun tí a gbà wọ́n níyànjú ni pé kí wọ́n má dìbò kí búlọ́ọ̀kù tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò wọ̀n ọ́n. Kò sí ìdí láti máa jà lórí ohun tí irinṣẹ́ ìwọ̀n lè sọ fún wa láàrin ọjọ́ kan. Wọ́n gbé e lọ. Búlọ́ọ̀kù kò sán. Kìráńkì kò tí ì dé ọ̀dọ̀ alọ̀rin rí, nítorí náà ìpele 0.50 tó o. Bí búlọ́ọ̀kù bá sán ni, à bá ní kí wọ́n ra 352 tòkunbọ̀, tàbí 366 tí kò ní tọ́bò bí wọ́n bá rí èyí tí ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kìíní ṣí sílẹ̀, òun ni ìpàdé gbogboògbò sì gbà. Àwọn ọ̀dọ́ kò dunnú tán. Wọ́n gbà fún un nígbà tí àwọn àgbà náà gbà pé kí wọ́n ra rédíétọ̀ tuntun àti rọ́bà afẹ́fẹ́ tuntun, kí wọ́n sì tún bíréèkì ṣe, dípò kí owó àtúnṣe parí sára ẹ́ńjìnnì nìkan.

Ìpinnu kan tún wà tí ó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn: àpò 80 ni òpin ẹrù kòkó, igi méjì sì ni òpin gẹdú, bí igi náà bá sì tóbi ju èyí tí a ṣírò lókè lọ, ẹyọ kan. Ẹni tí ó ń háyà ọkọ̀ lọ́dọ̀ wọn láti kó gẹdú ti kọ̀wé pé òun yóò wá ibòmíràn lọ. Wọ́n jẹ́ kí ó lọ.

Ọkọ̀ náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Dẹ́rẹ́bà kò gbọdọ̀ fi ẹrù tí ó pé gun òkè títí yóò fi rin 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, lẹ́yìn èyí ni wọn yóò da ọ́ìlì nù, tí wọn yóò fi tuntun sí i, tí mẹkáníìkì yóò sì tún bóòtù tọ́ọ̀pù sílíńdà yẹ̀ wò. Wọ́n so ìwé kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó dẹ́rẹ́bà. Ọjọ́ tí wọ́n fọ fíìtà, ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, iye àpò tí wọ́n gbé àti iye lítà epo tí wọ́n rà ni ó ń kọ sínú rẹ̀, akápò sì ń fi ọwọ́ sí i ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Owó fíìtà ti wà lọ́tọ̀ nínú ìwé ìṣirò báyìí, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣe ohun mìíràn, yálà a ta kòkó tàbí a kò tà á. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ irú ìwé kékeré náà, a ti tẹ díẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa. Kí akọ̀wé yín wá gbà á nígbà tí ó bá ń mú owó ìpín yín wá.